Bí ajá yín bá ṣubú tó ń gbọ̀n, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu

Bí ajá bá ṣubú lulẹ̀ lójijì nínú ilé, tó ń gbọ̀n, tó ń ta ẹsẹ̀, tí itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, àwa èèyàn máa ń pín sí mẹ́ta. Ẹnì kan á sáré lọ gbé epo pupa ní kíṣìnnì. Ẹnì kejì á ní ọfà tí ayé ta sí olówó ajá ni ajá fi àyà gbà. Ẹnì kẹta á ti máa wá igi, ó ní dìgbòlugi ni, ká tètè pa á kó tó bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ẹni tí a kì í sábà rí níbẹ̀ ni ẹni tó máa wo aago.

Lójú tèmi, ẹni tó ń wo aago yẹn gan-an ni ajá nílò jù lọ. Àwa ọ̀dọ́ ìlú ńlá ń ra ajá àti ológbò báyìí bí ẹni ń ra fóònù. Lhasa, Rottweiler, Caucasian, Boerboel, a mọ orúkọ gbogbo wọn. A mọ oúnjẹ tó dáa, a sì ń gbé fọ́tò wọn sórí Instagram. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọpọlọ ẹran náà bá ní ìṣòro, ọgbọ́n á tán nílẹ̀.

Gìrì kì í ṣe orúkọ àìsàn

Gìrì dà bí ara gbígbóná. Ara gbígbóná lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ tàífọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ egbò tó kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìrì ajá ṣe jẹ́ àmì pé nǹkan kan ń da ọpọlọ láàmú, kò tíì sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ọpọlọ ajá àti ti ológbò ń fi iná mànàmáná tó kéré gan-an ránṣẹ́ sí gbogbo ara, bíi tiwa. Bí iná yẹn bá ru lápọ̀jù lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ìgbà tí NEPA mú iná tó lágbára jù dé, tí gbogbo gílóòbù ń ṣẹ́jú. Ara á gan, ẹsẹ̀ á máa wa afẹ́fẹ́, ẹran náà lè tọ̀ sára láìmọ̀.

Kí ló lè fà á? Ọjọ́ orí máa ń sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ajá tí ara ẹ̀ dá bá kọ́kọ́ ní gìrì láàárín oṣù 6 sí ọdún 6, tí àyẹ̀wò kò sì rí nǹkan mìíràn, wárápá ni dókítà máa fura sí. Ó máa ń wà nínú ìran, German Shepherd àti Labrador sì wà lára ẹ̀yà ajá tó máa ń ní in. Wárápá yìí kì í ràn. Itọ́ ajá oníwárápá kì í kó o ran ẹnikẹ́ni, bí ti èèyàn oníwárápá náà kì í ṣe ranni. Àwa la kàn ń sá.

Ti ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé lè jẹ́ distemper. Àrùn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn: ojú á kún fún ipin, ikun á máa dà nímú, á máa wúkọ́, á máa ṣu gbuuru. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ara ẹ̀ ti yá, ẹnu ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ kan á máa ta fúnra ẹ̀. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀ wà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n á sì máa tún un gbà títí ọmọ ajá á fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀pọ̀ wa á gba ẹyọ kan, a ní ó ti tó.

Májèlé ńkọ́? Ajá tó bá lá Sniper tàbí òtápíapíà á máa da itọ́ bí omi ẹ̀rọ, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì, gìrì á tẹ̀ lé e. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré Sniper lọ́jà láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo abẹ́ síǹkì kíṣìnnì yín ná. Ẹ̀yin olólógbò, ẹ fetí sílẹ̀: oògùn eégbọn ajá tó bá ní permethrin nínú, ẹ má fi kan ológbò rárá. Ohun tí ajá fi ń wẹ̀, ó lè pa ológbò.

Ìṣẹ́jú márùn-ún

Ẹ jẹ́ ká padà sórí epo pupa. Ẹran tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì. Epo tí ẹ rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bó bá yè nínú gìrì, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lè pa á. Kì í gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì o, nítorí náà ẹ má ki ṣíbí tàbí ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Eyín tó máa dé yín lọ́wọ́ nígbà yẹn kò mọ olówó ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ kó àga àti tábìlì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó bá wà nítòsí àtẹ̀gùn, ẹ rọra fi aṣọ fà á kúrò. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dín iná kù, ẹ tan fáànù, torí gìrì máa ń mú ara gbóná. Ẹ wo aago. Kí ẹlòmíì fi fóònù ya fídíò.

Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó mú un lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Tẹ́ ẹ bá fura sí májèlé, ẹ má tilẹ̀ ka ìṣẹ́jú kankan, ẹ mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání. Bó bá tètè dáwọ́ dúró, ẹ ṣì ní láti pe dókítà. Ajá lè máa rìn yípo fún ìgbà díẹ̀, kó máa kọlu ògiri, kó má mọ̀ yín. Ẹ fi sílẹ̀ kó farabalẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ fídíò? Bọ̀dá kan ládùúgbò mi ní Bódìjà ní ajá ọlọ́dún méjì. Lọ́jọ́ tí gìrì mú un, bọ̀dá yìí yọ fóònù, ó ń ya á. Ìyá kan tó ń gbé lókè ń pariwo pé ọmọ ayé òde òní, ajá ń kú lọ, ó ń ṣe fídíò. Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú mọ́mì, fídíò yìí gan-an ni ìrànlọ́wọ́.” Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ajá ti ń jùrù, ó ń wá nǹkan jẹ. Ká ní kò sí fídíò ni, kí ni dókítà máa rí? Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí dókítà ń wò

Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní sáré fa abẹ́rẹ́ yọ. Á ní kí ajá rìn lọ rìn bọ̀. Á tan iná sí i lójú, á na ọwọ́ sí i lójú bóyá á ṣẹ́jú. Á ká àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kó máa fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ká mọ̀ bóyá á tètè dá a padà. Ajá tí kò dá a padà, ìròyìn kò dé láàárín ẹsẹ̀ àti ọpọlọ nìyẹn. Á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ nìkan lè mú gìrì bá ọmọ ajá kékeré tí kò jẹun.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìṣubú ni gìrì. Ajá àgbà lè jí láàárọ̀ kí orí ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹyinjú ẹ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn, kó máa rìn bí ọ̀mùtí. Wọ́n á ní rọpá-rọsẹ̀ ni, ká fún un lábẹ́rẹ́ ikú. Ẹ sùúrù. Ibi tí ara ti ń mọ ìdúró, nínú etí lọ́hùn-ún, ni wàhálà máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bó bá jẹ́ wárápá, oògùn bíi phenobarbital wà. Ojoojúmọ́ ni, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì lè jẹ́ títí ayé ajá náà. Ẹ má dá a dúró lójijì torí pé oṣù mẹ́ta kọjá láìsí gìrì. Oògùn náà ló ń dá a dúró. Bí ẹ bá dá oògùn dúró gbì, gìrì tó máa padà wá lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bó bá wá jẹ́ dìgbòlugi ńkọ́?

Ẹni tó gbé igi kò purọ́ tán. Dìgbòlugi wà, ọpọlọ náà ló ń bà jẹ́. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ ni ajá tó ń sáré kiri tó ń bu gbogbo nǹkan jẹ. Èyí tí wọn kò mọ̀ ló tún léwu: ajá tó dákẹ́, tí àgbọ̀n ẹ̀ wọ́ sílẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tí ohùn ẹ̀ yí padà. Olówó ẹ̀ á rò pé eegun há a lọ́fun, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, tí ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ bá ń ṣe báyìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ pe dókítà ẹran.

Bó bá ti bu ẹnì kan jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de àmì, torí bí àmì bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má pa ajá náà kẹ́ ẹ jù ú nù. Bó bá ṣeé tì mọ́lé láìséwu, ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bó bá kú, dókítà nílò òkú ẹ̀ láti yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ajá oníwárápá tí káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, ara á balẹ̀ láti tọ́jú ẹ̀. Èyí tí kò ní káàdì, kò sẹ́ni tó máa dá lẹ́bi bó bá sá. Àìgbabẹ́rẹ́ wa ló ń sọ gbogbo gìrì di ẹjọ́ ikú fún ajá. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn ibì kan sì máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Àmọ́ ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ wá káàdì ajá yín lónìí, ẹ wo déètì tó wà lórí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú nọ́ńbà dókítà ẹran kan sórí fóònù yín.