Aṣọ ló ń gbé táyà ró: bí a ṣe ń yan táyà tubeless fún ọ̀nà olókùúta

Kò sí ẹni tó dàgbà sí Kakuri tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ nípa òwú. Apá gúúsù ìlú Kaduna yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, United Nigerian Textiles dé ní àwọn ọdún 1960. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tó fi mọ́ ọmọ Yorùbá tó wáṣẹ́ lọ síbẹ̀, fi owó ẹ̀rọ ìhunṣọ kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níléèwé, kí United tó ti ilẹ̀kùn ní 2007. Ìmọ̀ òwú yẹn gan-an ni ẹni tó fẹ́ ra táyà kẹ̀kẹ́ agòkè nílò, nítorí aṣọ inú táyà ló ń gbé e ró, rọ́bà kàn bò ó ni.

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta táyà, eyín táyà la máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀. Bó bá ga tó sì nípọn, a ó ní ó lágbára. Lóòótọ́, eyín ló ń di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí kò ti sí eyín rárá, ni òkúta ti máa ń rí i gé.

Òkúta Kaduna sì mú. Irú òkúta gíránáìtì àtayébáyé tó gbé Olúmọ àti Ìdànrè dúró ló yọrí jáde ní Kufena lẹ́bàá Zaria àti ní Kajuru. Bí òjò àti oòrùn bá jẹ ẹ́ wó, kúọ́tsì funfun inú rẹ̀ kì í jẹrà. Ojú ọ̀nà ló máa ń wà, láàárín yangí, tí ẹnu rẹ̀ á mú bí ìgò tó fọ́.

Táyà oní-tíúbù ní ìṣòro kan lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré, tó sì kọlu òkúta, tíúbù á há sáàárín rímù àti òkúta, á lu ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, a ó fẹ́ ẹ le, ní 35 sí 40 psi, táyà á sì máa ta lórí òkúta dípò kó dì í mú. Bí a bá yọ tíúbù, tí ètè táyà lẹ̀ mọ́ rímù pinpin, èyí tí à ń pè ní tubeless, ẹni tó wúwo tó 70 kg lè gùn ún ní nǹkan bíi 22 psi níwájú àti 25 lẹ́yìn. BFGoodrich ti Amẹ́ríkà ti fi irú táyà bẹ́ẹ̀ hàn fún mọ́tò ní 1947. Ní 1999 ni Mavic, Michelin àti Hutchinson, ilé-iṣẹ́ Faransé mẹ́ta, gbé e dé orí kẹ̀kẹ́ agòkè.

Oje kan wà tí a ń dà sínú táyà tubeless, nǹkan bíi 100 mílílítà. Oje igi rọ́bà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí wọ́n fi amóníà sí kó má baà tètè dì. Bí ẹ̀gún bá gún táyà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde á gbé oje lọ sójú ihò, á dì síbẹ̀. Ọyẹ́ Kaduna máa ń tètè gbẹ ẹ́, nítorí náà, láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù méjì lọ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Oje yìí kò ṣàjèjì sí wa. Lẹ́yìn tí John Boyd Dunlop ṣe táyà afẹ́fẹ́ ní Belfast ní 1888, tí kẹ̀kẹ́ gbòde ní Yúróòpù, igi ìré inú igbó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ lára kí rọ́bà lè gba Èkó lọ sókè òkun. Wọ́n kọ ọ́ títí ọ̀pọ̀ igi náà fi kú kí ọ̀rúndún náà tó parí. Igi rọ́bà ṣì wà ní Edo àti Ondo lónìí, síbẹ̀ Michelin ti Port Harcourt kógbá wọlé ní 2007, Dunlop ti Ìkẹjà dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Ó dùn mí gan-an pé òkè òkun ni gbogbo táyà tí mo ń sọ yìí ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwú. Ẹ mú táyà tó ti jẹ tán, ẹ fi abẹ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó rí òwú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ìpele kan dagun sọ́tùn-ún, èkejì dagun sósì, rọ́bà ló so wọ́n pọ̀. Kò sí òwú ìdábùú níbẹ̀. Kánfáàsì híhun ni wọ́n ń lò láyé Dunlop, ṣùgbọ́n bí táyà ṣe ń yí ni òwú tó dábùú ara wọn ń rẹ́ ara wọn jẹ. Ní àwọn ọdún 1890, John Palmer, ará Amẹ́ríkà, gbé táyà olówùú títò jáde.

Lára táyà, ẹ ó rí TPI, èyí ni iye òwú inú íǹṣì kan. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ rí mọ̀ pé kí òwú tó lè pọ̀ nínú íǹṣì kan, àfi kó tẹ́ẹ́rẹ́. Táyà 120 fúyẹ́, ó rọ̀, ó ń sá. Táyà 60 nípọn lówùú, ó wúwo, ó sì ń fara da ọgbẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a rò pé nọ́ńbà tó ga ló dára jù. Ẹ tún béèrè ìpele, nítorí ìpele méjì olówùú 120 lè borí ìpele kan olówùú 60. Maxxis ti Taiwan ń pe oríṣi aṣọ inú táyà tirẹ̀ ní EXO, DoubleDown àti DH, láti orí èyí tó fúyẹ́ dé èyí tó le jù. Super Trail, Super Gravity àti Super Downhill ni ti Schwalbe ti Jámánì. Ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù, òun náà ló ń kọlu òkúta tí iwájú ti fò, nítorí náà ẹ̀yìn ni kí ẹ fi èyí tó le sí. Iwájú lè fi ìpele kan fúyẹ́ jù ú, kí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo rímù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ agòkè tòkunbọ̀ àtijọ́, 26 íǹṣì ni wọ́n, nọ́ńbà ìwọ̀n 559 ló máa wà lára wọn. Ṣùgbọ́n 584 àti 622, tí kò bá 559 mu, ni táyà tubeless tuntun ti pọ̀. Rímù tí wọn kò ṣe fún tubeless lè tú ètè táyà sílẹ̀ lórí eré, ìyẹn sì léwu.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ mai faci (fọkanáísà) ẹ̀bá ọ̀nà dára ju pọ́m̀pù ọwọ́ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ló ń gbé ètè táyà jókòó. Ẹ ra fáàfù irú ti mọ́tò kí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ lè bá a mu, ẹ fi omi ọṣẹ pa ètè táyà, ẹ má sì jẹ́ kó fi irin já táyà náà, torí irin máa ń ya téèpù inú rímù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo táyà ọkọ̀ akẹ́rù kò lè fi ìyàtọ̀ 22 àti 25 hàn dáadáa, nítorí náà ẹ ra kékeré tiyín.

Bí owó bá tó táyà kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ni kí ẹ rà á sí, kó jẹ́ onípele méjì. Bí rímù yín kò bá sì gba tubeless, ẹ fi tíúbù tó nípọn sínú táyà tó gbòòrò, kí ẹ sì máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀ títí owó rímù yóò fi wá.