Bàálù ẹlẹ́rù ló ń gbé ọkọ̀ ogun ró

Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ọkọ̀ ojú omi táwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń gbé bàálù ogun kiri, ó dájú pé àwọn bàálù ìjà tó tò sórí ẹ̀ lẹ máa wò. Àmọ́ èèyàn bíi 5,000 ló ń gbé inú ọkọ̀ yẹn láàárín agbami. Ta ló ń gbé lẹ́tà, òògùn àti ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì lọ fún wọn?

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ míì ló ń kó oúnjẹ àti epo bàálù wá. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n ń fẹ́ ní kíákíá, bàálù ló ń gbé e. Lọ́dún 1963, wọ́n gbé Hercules ńlá balẹ̀ sórí ọkọ̀ USS Forrestal nígbà 21. Ó balẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti tóbi jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. C-2 Greyhound tó kéré sí i ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ó sì ti ṣe é fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Iṣẹ́ eléwu ni o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Greyhound kan tó ń lọ sí USS Ronald Reagan já sómi, èèyàn mẹ́ta sì bá a lọ.

CMV-22B Osprey ló ń gba ipò ẹ̀ báyìí. Ó ń balẹ̀ bíi hẹlikópítà, ó sì ń gbé ẹ́ńjìnnì F-35 tí kò gba inú Greyhound. Ṣùgbọ́n nígbà tí Osprey àwọn ológun òfurufú já lẹ́bàá Japan ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí èèyàn mẹ́jọ kú, wọ́n ní kí gbogbo Osprey má fò mọ́. Odindi oṣù mẹ́ta! Greyhound tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ló tún ń sáré gbẹ́rù kiri. Nígbà tí Osprey sì padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ síbi tó ti lè balẹ̀. Agbami ha nìyẹn bí?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tèmi ni pé kí wọ́n má tíì lé àgbà kúrò nílé, títí ọmọdé á fi lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Bí ẹrù ò bá dé, gbogbo bàálù ogun tó tò rẹrẹ yẹn, ẹrù lásán ni wọ́n.