Àgbájọ Ọwọ́ Ìlú Ni Yóò Gba Ọ̀dọ́ Lọ́wọ́ Tábà

Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Ògùn dáadáa, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹ̀dí títí dé Ṣakí ọmọ Aṣabàrí, yóò jẹ́rìí pé ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kẹ́ ni. Yóò sì jẹ́rìí pẹ̀lú pé ó ti pẹ́ tí tábà ti wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn tà, tí ọ̀pọ̀ bàbá fi owó rẹ̀ kọ́lé, tí wọ́n sì fi rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ewu tábà gbọ́dọ̀ rọra kanlẹ̀kùn. Síbẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yé wa pé tábà ń pa ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún. Ẹ̀dọ̀fóóró, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ó sì wà nídìí ọ̀pọ̀ àrùn jẹjẹrẹ àti àrùn rọpá-rọsẹ̀. Kì í ṣe amusìgá nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀, nítorí èéfín kò mọ aya, kò mọ ọmọ. Àwọn baba wa kò sì purọ́ nígbà tí wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Èròjà nikotíìnì ni tábà fi ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Kí ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó pé tí a fa èéfín sínú, ó ti dé ọpọlọ. Ọpọlọ ọ̀dọ́ kò sì tíì gbó tán títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25, nítorí náà ni ohun tí ọmọdé fi ṣeré ṣe ń di ohun tí àgbàlagbà ń wá ọ̀nà àtijáwọ́ nínú rẹ̀ tí kò rí.

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé nínú 100 ọkùnrin tí ó ti dàgbà, nǹkan bí 10 ni ó ń lo tábà, àwọn obìnrin kò sì ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ nínú 100. Ìròyìn ayọ̀ ni, ìkìlọ̀ sì ni pẹ̀lú: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Òfin wà. Òfin tábà ti ọdún 2015 ka títà rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábúlé nírọ̀lẹ́. Bàbá jókòó sábẹ́ igi, ó na owó sí ọmọ rẹ̀: “Sáré lọ bá mi ra sìgá méjì wá, kí o sì fi iná ààrò tan ọ̀kan.” Ìyá onípẹpẹ yọ méjì nínú páálí fún un; ọmọ dé ìdí ààrò, ó fi ọ̀kan sẹ́nu, ó sì fà á kí iná má baà kú. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi nínú wọn, síbẹ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a rán ọmọ, a ti tẹ òfin lójú lọ́nà méjì, ọmọ sì ti fa èéfín àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lè dúró ti gbogbo pẹpẹ. Ìlú ni yóò ṣọ́ ọmọ ìlú.

Ọ̀nà àtiṣe é kò ṣòro. Ọ̀dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì pe ìyálọ́jà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, ààfáà, pásítọ̀, olórí àgbẹ̀ àti olórí ọ̀dọ́ jókòó pọ̀. Ìyálọ́jà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tà létí àwọn onípẹpẹ, pàápàá àwọn tí ó pàtẹ nítòsí ilé ẹ̀kọ́. Kí nọ́ọ̀sì ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́, kí ó sì sọ fún un pé lẹ́yìn ọdún kan péré tí ó bá jáwọ́, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fi kún tirẹ̀ yóò ti dín ní nǹkan bí ìdajì. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ẹ má ṣe sọ wọ́n di ẹni tí à ń wàásù fún ṣá. Ẹ fi eré orí ìtàgé, bọ́ọ̀lù àti ìpolongo lé wọn lọ́wọ́, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àgbẹ̀ ńkọ́? Kí ó kọ́kọ́ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò lóko tábà, nítorí nígbà tí ewé tútù bá fi ìrì rẹ ẹ̀wù ọmọ, nikotíìnì ń gba awọ ara wọlé, òòyì á máa kọ́ ọ, yóò sì máa bì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún bàbá kí ó fi tábà sílẹ̀ láì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹni tí ó yá a ní owó àti ajílẹ̀ ni ó ń ra ewé náà. Ní Migori, ní ilẹ̀ Kenya, àwọn àgbẹ̀ tábà kan ti yí sí ẹ̀wà gbígbìn, nítorí àwọn àjọ àgbáyé kọ́ wọn ní iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá wọn wá ẹni tí yóò rà á. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe fún àgbẹ̀ Òkè-Ògùn nìyẹn.

Ìyẹn yóò gba owó, yóò sì gba àkókò. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé ìlú tí ń bọ̀ fẹnu kò pé a kò ní í rán ọmọdé ní sìgá mọ́, kò ní í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òun sì ni kí a kọ́kọ́ ṣe.