Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé Microsoft Office lè dé orí Linux?

Láti oṣù Kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10, àwọn kan ń wo ọ̀nà Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Ohun tó ń dá wọn dúró ni Word àti Excel.

Microsoft kò ṣe Office fún kọ̀ǹpútà Linux rí. Wọ́n gbé Teams dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2019, àmọ́ kí ọdún 2022 tó parí, wọ́n ti fà á sẹ́yìn, wọ́n ní kí oníkálukú máa lò ó nínú bráúsà. Word àti Excel orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Kí ni wọ́n tún fẹ́ máa ṣe òmíràn fún? Lójú tèmi, ojúlówó Office kò ní í dé láìpẹ́.

Àmọ́ LibreOffice, ètò tó lè rọ́pò Office, ń ṣí fáìlì Word láìlo dátà, ọ̀fẹ́ sì ni. Fọ́ǹtì ló sábà máa ń da ojú ìwé rú: bí Calibri kò bá sí, ẹ fi Carlito sí i, ìwọ̀n lẹ́tà wọn dọ́gba. Macro inú Excel, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn, ló le jù láti gbé wọ LibreOffice.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi LibreOffice sórí Windows yín, kí ẹ fi fáìlì iṣẹ́ yín dán an wò, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.