Iṣẹ́ Tí A Rán Lọ Tí A Kò Dúró Dè: Bí A Ṣe Ń Dán Ìkọsílẹ̀ àti Kíkà Fáìlì Wò

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ sí èbúté Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń fojú sọ́nà láti lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti dolóògbé, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ó tó nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ kí Crowther àti Townsend tó lè wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní gbogbo àkókò yìí, wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé, Crowther sì ń bá iṣẹ́ èdè Yorùbá lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Irú ìwà yìí gan-an ni ó wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní asynchronous, èyíinì ni pé kí a rán iṣẹ́ lọ, kí a má dúró dè é, kí a máa ṣe òmíràn títí èsì yóò fi dé. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yára ju ibi ìpamọ́ rẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀. Bí díìsìkì tí ń yí bá lo ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan láti wá ọ̀rọ̀ jáde, ọpọlọ ẹ̀rọ náà ìbá ti ṣe iṣẹ́ kéékèèké tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí ó bá jókòó tì í, òfò ni.

Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe kó àwọn ètò jọ tí ẹlòmíràn lè mú lò. Ryan Dahl gbé Node.js jáde ní ọdún 2009. Asyncio wọ inú èdè Python ní ọdún 2014. Tokio sì bẹ̀rẹ̀ fún èdè Rust ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáìlì ní ìṣòro tirẹ̀. Linux a máa sọ pé fáìlì lásán wà ní sẹpẹ́ nígbà gbogbo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díìsìkì kò tíì ṣetán. Ìdí nìyí tí Node.js àti Tokio fi ń gbé iṣẹ́ fáìlì lé àwọn ọmọ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, kí àwọn náà lọ dúró níbẹ̀. Mẹ́rin ni Node.js máa ń ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Ti Tokio lè tó 512. Ní ọdún 2019 ni Linux ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀nà tuntun, io_uring, tí ó lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ọmọ iṣẹ́ alágbàdúró.

Òǹwòran lè béèrè pé: kí ló wá le nínú dídán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò? Àsìkò ni. Bí ọkọ̀ méjì bá kúrò ní èbúté Àgbádárìgì tí wọ́n dojú kọ Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, kò sí ẹni tí ó lè fi ìgbà tí wọ́n gbéra mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá dán ọkọ̀ wò ní ọjọ́ tí omi pa rọ́rọ́ kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ ìjì. Bẹ́ẹ̀ ni ètò kan lè yege nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó kùnà ní ìgbà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún.

Ohun mẹ́rin ni adánwò rere kì í fojú fò.

Èkínní, kí ó kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, kí ó kà á padà, kí ó sì fi èyí tí ó kà wé èyí tí ó kọ. Kí ọ̀rọ̀ náà má sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Nínú ìlànà UTF-8, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan gba báìtì kan, ṣùgbọ́n «ẹ» gba mẹ́ta, «ẹ́» sì gba márùn-ún. Bí ètò bá ń ka fáìlì ní ìpín ìpín, tí ìpín kan sì parí sí àárín «ẹ́», ọ̀rọ̀ lè bàjẹ́ kí ó di wúruwùru. Ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán ètò wò kò ní rí àbùkù yìí láéláé. Orúkọ ọmọ Yorùbá ni yóò jìyà rẹ̀.

Èkejì, kí ó dán àìpé wò. Ètò lè béèrè ọgọ́rùn-ún báìtì kí ọgọ́ta péré dé. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kí òun padà lọ béèrè ìyókù. Nítorí pé díìsìkì gidi kì í sábà hu ìwà yìí lójú ẹni, àwọn adánwò a máa ṣe fáìlì àfarawé tí ń fúnni ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Tokio ní àpò irinṣẹ́ kan, tokio-test, tí a fi lè to ohun tí a óò kà àti ohun tí a óò kọ lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀kẹta, kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní àpótí fáìlì tirẹ̀, tí a óò pa rẹ́ bí ó bá parí. Bí ìdánwò méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí fáìlì kan, wọn yóò da ọwọ́ ara wọn rú.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jùlọ: kí ó wádìí ohun tí «ó ti parí» túmọ̀ sí. Nínú Tokio, ìkọsílẹ̀ lè dáhùn pé ó ti ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Àfi kí a pàṣẹ flush kí ó tó dájú pé ó ti dé ọ̀dọ̀ Linux. Dídé ọ̀dọ̀ Linux pàápàá kò túmọ̀ sí dídé orí díìsìkì. Àṣẹ sync ni ó wà fún ìyẹn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí PostgreSQL, ètò ìpamọ́ àkọsílẹ̀ tí a ń lò káàkiri ayé, jẹ́ ẹ̀rí. Ní ọdún 2018, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ rí i pé bí díìsìkì bá kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀, Linux lè jẹ́wọ́ ìkùnà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ètò bá tún pàṣẹ sync lẹ́ẹ̀kejì, ìdáhùn yóò jẹ́ pé àlàáfíà ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ti sọnù. Nǹkan bí ogún ọdún ni ètò náà ti gbára lé ìlérí tí Linux kò ṣe. Ní ọdún 2019 ni wọ́n tún un ṣe: bí sync bá kùnà, kí ètò náà dá iṣẹ́ dúró kíákíá, kí ó sì ti inú ìwé ìrántí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan etí òkun Àgbádárìgì, níbi tí iná mànàmáná ti lè lọ láìròtẹ́lẹ̀. Bí àwọn obìnrin tí ń yan ẹja bá dá àjọ, tí alájọ sì tẹ owó wọn sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ náà wí pé «ó ti wọlé» kí iná tó lọ, ta ni yóò gba ẹni tí kò bá orúkọ rẹ̀ mọ́ gbọ́? Nítorí náà, ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ já iṣẹ́ gbà láàárín, kí ó mú kí díìsìkì kún, kí ó mú kí ìkọsílẹ̀ kùnà, kí ó sì wo ohun tí ètò yóò sọ fún ẹni tí ń lò ó.

Rírán iṣẹ́ lọ láìdúró dè é kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ìránṣẹ́ ti jáde nílé kí a sọ pé iṣẹ́ ti jẹ́. Ẹni tí ó ránni níṣẹ́ ni ó ni kí ó bi ìránṣẹ́ léèrè: ṣé o dé ibẹ̀, ta ni o bá, kí ni ó wí? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ìdánwò ń bi ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀ tí a kọ lónìí lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a óò bá níbẹ̀ lọ́la.