Atẹ́gùn Tí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Pàdánù Nínú Ọkọ̀ Àtòpọ̀

Ọkọ̀ àtòpọ̀ ni ọkọ̀ tí ènìyàn ra férémù àti ara rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì tò ó jọ fúnra rẹ̀. Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn kan ń lo ẹ́ńjìnnì alùpùpù, bíi ti Suzuki Hayabusa tàbí Yamaha R1, nítorí pé ó fúyẹ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í dá wá: rẹkitifáyà, réléè, kọ́ìlì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń bá a bọ̀. Lórí alùpùpù, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tù wọ́n lára. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn náà dàwátì.

Ní Pleasant Grove, ní gúúsù-ìlà-oòrùn Dallas, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní 1980, ooru agbègbè Dallas àti Fort Worth kò wálẹ̀ ju 38°C lọ lọ́sàn-án fún ọjọ́ 42 léraléra. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kẹfà, ó dé 45°C. Ọkọ̀ tó bá dúró de iná ìrìnnà ní Buckner Boulevard ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kò rí atẹ́gùn gbà àfi èyí tí fáànù bá fẹ́ sí i.

Rẹkitifáyà ni ooru ń kọ́kọ́ bá jà. Iná AC tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè ló ń sọ di DC fún bátìrì, òun ló sì ń dá a dúró kó má kọjá nǹkan bíi fóòtì 14.5. Irú tó wọ́pọ̀ ń dá iná tó ṣẹ́kù padà sí ibi tó ti wá, inú ìdápadà yẹn ló ti ń gbóná. Ìdí nìyí tí pípa fìtílà ọkọ̀ kò fi ń mú un tutù. Irú tó ń lo MOSFET kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń já iná náà dípò kó dá a padà tún sàn jù.

Ara ọkọ̀ tí wọ́n bá fi fáíbà ṣe kì í gbé ooru lọ, nítorí náà orí alumíníọ̀mù tó nípọn, tó tẹ́jú, ló yẹ kí wọ́n fi bóòtù de rẹkitifáyà mọ́, níwájú ọkọ̀, jìnnà sí páìpù èéfín. Ẹ̀yìn ráídétọ̀ kò dára: atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ jáde ti gbóná tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe Kẹ̀kẹ́ Márúwà tó ń ná Èkó mọ ìṣòro yìí: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fara pamọ́ sí, wọ́n bá fi fáànù sí i lára.

Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ rọ́bà lábẹ́ kó má gbọ̀n jù. Sẹ́ńsọ̀ tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí alùpùpù bá ṣubú gbọ́dọ̀ dúró bó ṣe dúró lórí alùpùpù. Bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́. Fáíbà kì í gbé iná náà, nítorí náà waya ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dé férémù àti ẹ́ńjìnnì, kí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti gbóná ni kí rẹwáyà fi mítà wo bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré tí fóòtì kò sì tó 13, kí ó kọ́kọ́ tú ibi tí rẹkitifáyà ti so mọ́ waya wò. Ibẹ̀ ló sábà máa ń jóná.