Àwòrán Ẹyẹ Omi: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láì Parọ́

Ọmọdé tí ó bá rí lékèélékèé a máa na ọmọ ìka sí i, kí ó lè fún òun ní èékánná funfun. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹyẹ yìí létí odò ní ọ̀sán gangan, ohun tí a sábà ń rí nínú fóònù kò ju ohun funfun báláú kan lọ, tí kò ní ìyẹ́, tí kò ní ojú.

Ẹ̀bi ẹyẹ kọ́. Kámẹ́rà kò mọ lékèélékèé yàtọ̀ sí ewé. Gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀. Bí omi dúdú bá gba àyè púpọ̀, yóò ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ti ń ṣú, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń dín in kù sí -1 kí n tó yà á. Lórí fóònù, ẹ tẹ ara ẹyẹ náà, kí ẹ sì fa àmì oòrùn wálẹ̀. Bí ẹyẹ dúdú bá wà lójú omi tí ń dán, òdìkejì ni kí ẹ ṣe. Ibi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé mú mọ́lẹ̀ nígbà àtúnṣe. Ìyẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ run kì í padà wá.

Gígé etí àwòrán náà ní ìwọ̀n. Bí àwòrán bá jẹ́ píksẹ́lì 6,000 ní ìbú àti 4,000 ní gíga, tí a sì gé ìdajì ìbú àti ìdajì gíga kúrò, 3,000 àti 2,000 ni yóò kù: ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Ìyẹn tó fún ojú fóònù. Kò tó fún àwòrán ńlá tí a fẹ́ gbé kọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kí àyè iwájú ẹyẹ ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kí ẹ má sì gé òjìji rẹ̀ nínú omi sí méjì. Síbẹ̀, ó sàn kí a gé àwòrán ju kí a sún mọ́ ìtẹ́ lọ. Ìyá ẹyẹ tí a lé dìde ti fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn àti ẹyẹ apẹran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni àwọ̀. Ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ igbó tí a ń rí ní adágún inú ọgbà IITA ní Ìbàdàn: ojú rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí obì gbígbẹ. Bí a bá fi àtúnṣe sọ àyà náà di pupa bí osùn, ẹni tí kò rí i rí yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ sì ń lo àwòrán tí àwa ará ìlú ń fi ránṣẹ́ sí eBird láti mọ irú ẹyẹ tí ó wà níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìí ni àwòrán wa. A kò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní irọ́.

Ẹ máa tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti parí àtúnṣe, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: bí ẹyẹ inú èkejì bá ti di ẹyẹ mìíràn, ẹ dá àwọ̀ rẹ̀ padà.